Ìdí Tí Àmì Ìkarahun Fi Wà Nínú Òkúta Ẹrẹ̀

Nígbà láéláé, kò tíì sí òkúta tó le. Gbogbo wọn rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì.

Àwọn òkúta méjì ń gbé etí odò kan. Òkúta Ẹrẹ̀ ni àgbà. Odò ló ń gbé iyanrìn àti ẹrẹ̀ wá fún un ní díẹ̀díẹ̀, òun náà á máa tò ó léra. Ó ti ń tò ó láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì tíì ga dé orúnkún.

Akọ Òkúta ní tirẹ̀, ọmọ iná ni. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti tú jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbóná janjan. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ga ju igi lọ. Ẹ ò rí i pé ó yẹ kó máa gbéra ga!

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "Ẹrẹ̀ náà lẹ ṣì ń tò? Ẹ rọra o, kí ẹ má lọ yára jù."

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Ìwọ tí o yára, níbo lò ń lọ?"

Ọwọ́ Akọ Òkúta dí. Ó ń to wóró dídán sára.

Lọ́sàn-án, òjò ṣú. Ìṣáwùrú sáré dé, bí ìṣáwùrú ṣe lè sáré náà nìyẹn. Ó gbé Wúrú, ọmọ rẹ̀, dání, ó lọ bá Akọ Òkúta.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, àgbàrá ń bọ̀! Ẹ lanu díẹ̀ kí n fi ọmọ mi sínú yín. Ìkarahun rẹ̀ ò tíì gbó, omi á fọ́ ọ."

"Pẹ̀lú ẹrẹ̀ ara yín yìí? Ẹ ní sùúrù, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n dán tán ná."

Òjò bẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti dán!"

"Ó ku apá òsì."

Ìṣáwùrú yíjú sí Òkúta Ẹrẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀, bàbá ti ní, "Gbé e wá. Mi ò dán, àmọ́ mo rọ̀."

Ó tẹ́ Wúrú sílẹ̀, ó fi iyanrìn bò ó bí ìró. Ó fi ẹrẹ̀ lé e, ó tún fi iyanrìn lé e, ó wá fi ihò sílẹ̀ fún èémí.

"Bàbá, ẹ fi ọ̀kan kún un."

"Ìyá Wúrú, ó ti di mẹ́sàn-án!"

"Ẹ ṣáà fi ọ̀kan kún un."

Àgbàrá dé. Akọ Òkúta gbọ́ igbe Wúrú, àánú wá ṣe é. "Ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi, èmi ni mo ga!" Ó fẹ́ lanu. Ẹnu ò là. Ó ti tutù, àwọn wóró dídán ti di ara wọn mú gírígírí. Ó kúkú ti dán tán.

Nígbà tí omi fà, Wúrú rá jáde, ó ní ebi ń pa òun. Àmì ìkarahun rẹ̀ wà níbi tó sùn sí. Òkúta Ẹrẹ̀ fẹ́ tẹ́ ojú ibẹ̀ dọ́gba.

"Ẹ má pa á rẹ́ o!" Ìṣáwùrú ké. "Tí àyà mi bá tún ń já, màá máa wá wò ó."

Bàbá bá dúró jẹ́ẹ́ kí ó má baà pa rẹ́, ó sì le síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni òkúta ẹrẹ̀ ti wà ní ìpele ìpele, tí a sì máa ń bá àmì ìkarahun nínú rẹ̀ nígbà mìíràn. Akọ òkúta ńkọ́? Ó le, ó ga, ó ń dán. Ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ títí di ọ̀la, kò sẹ́ni nílé.