Kámẹ́rà Tí Kì Í Wo Àgbà Lójú

Ìtàn mi kò rìn jìnnà, inú ṣọ́ọ̀bù Olóyè Láṣebíkan ní Ìkìrun ló jókòó sí. Mílíìkì ń pòórá níbẹ̀ ṣáá, Olóyè sì ti torí ẹ̀ lé gbogbo àwọn tó ń bá a tajà lọ, àfi Mojírayọ̀. Ó wá pè é: “Lọ yan kámẹ́rà tó máa mú olè, àmọ́ kò gbọdọ̀ wo èmi lójú o. Ọmọdé kì í wo àgbà lójú. Bí o ò bá rí irú ẹ̀, máa lọ sílé yín.” Mojírayọ̀, tó ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀, wọ́ ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ oníkámẹ́rà. Ìyẹn gbé èyí tó ń yí orí bí òwìwí jáde, ó ní kò sí ojú tí kò lè rí. Mojírayọ̀ mi orí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní kékeré tó máa kúnlẹ̀.” Abẹ́ pákó tí wọ́n ń to mílíìkì sí ló ní kí wọ́n kàn án mọ́, níbi tó jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ló ń débẹ̀. Olóyè bi í pé, “Ṣé kò ní wò mí lójú?” Ó ní, “Kò ní wò yín lójú, Bàbá.” Kò pẹ́, mílíìkì tún pòórá. Olóyè pariwo, ó ní kí wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n, kí gbogbo oníbàárà wá wo olè. Ọwọ́ kan yọ, ìlẹ̀kẹ̀ oyè wà lọ́rùn ọwọ́ náà, ó sì ti agolo mílíìkì bọ inú agbádá. Gbogbo èèyàn yíjú sí ọrùn ọwọ́ Olóyè. “Mojírayọ̀! Kí lo ṣèlérí fún mi?” Mojírayọ̀ kúnlẹ̀, ó fi ohùn tó ti rẹ̀ dáhùn: “Kò wò yín lójú, Bàbá. Ọwọ́ yín ló wò.”