A Kì í Ha Púpurú De Ebi

Bí ẹ bá sọ òwe yìí fún ẹni tí kò dàgbà létí òkun, yóò ní òwe ọ̀lẹ ni. A kì í ha púpurú de ebi. Yóò ní ṣebí ọlọ́gbọ́n a máa múra sílẹ̀? Ṣebí àwa náà là ń sọ pé kò sẹ́ni tó mọ ọ̀la? Kí ló wá dé tí ẹni tó tọ́jú oúnjẹ rẹ̀ kí ebi tó dé fi di ẹni tí à ń fi pòwe? Tíṣà kan tí wọ́n gbé wá sí abúlé wa láti òkè túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ níṣojú mi. Ó ní àwọn baba wa kò fẹ́ràn iṣẹ́. Inú bí mi. Mo ní kó jókòó, pé òwe yìí ní ilé tó ti jáde wá, mo sì mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí púpurú jẹ́, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wà. Ẹ̀gẹ́ ni. A ó rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi ara rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n rìbìtì bí orí ọmọ ìkókó, a ó sì tò ó sórí àjà tó wà lókè iná. Èèfín ni yóò ṣe ìyókù. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá, ara rẹ̀ yóò ti le, yóò sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun yóò mú ọ̀bẹ, yóò ha dúdú náà kúrò, yóò bá funfun nínú, yóò gún un kúnná, yóò sì fi omi gbígbóná rò ó. Òun ni èmi náà jẹ dàgbà.

Ní Orí-Yanrìn, nígbà tó jẹ́ pé ìgbòkun ni gbogbo ènìyàn ṣì fi ń rìn lójú omi, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Orímisàn. Apẹja gidi ni, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣejù ìmọ́tótó ni àléébù rẹ̀. Ó máa ń fọ àwọ̀n rẹ̀ bí ẹni ń fọ aṣọ ọdún. Ọdún tí mò ń wí yìí ló kan ọkọ̀ tuntun, ó sì fi ọ̀dà funfun kun inú rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ẹ rò ó wò: ọ̀dà funfun, nínú ọkọ̀ ẹja. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí.

Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, àwọn ará Orí-Yanrìn a máa lọ pàgọ́ ní apá ìlà oòrùn, níbi tí ẹja máa ń wọ́ sí lákòókò náà. Ìrìn ọjọ́ mẹ́rin ni lójú omi bí afẹ́fẹ́ bá ṣojúure. Ìyàwó apẹja ni í yan ẹja lágọ̀ọ́, nítorí náà kò sí ìyàwó tí í dúró sílé. Ṣẹ̀yẹ, ìyàwó Orímisàn, múra láti lọ pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́fà nínú. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ti ń wá oyún náà. Ẹnìkẹta wọn ni Baba Ògúngbèjà, àgbà atukọ̀ tó ti bá bàbá Orímisàn ṣiṣẹ́ kí bàbá náà tó kú.

Yèyé Ọlátẹ́jú, ìyá Orímisàn, ni ó ṣe oúnjẹ ọ̀nà. Ogún púpurú ni ó yan, ó sì rù wọ́n wá sí èbúté fúnra rẹ̀. Orímisàn wo apẹ̀rẹ̀ náà, ó wo ọkọ̀ rẹ̀.

"Yèyé, gbogbo èédú yìí, nínú ọkọ̀ tuntun?"

"Oúnjẹ ni, kì í ṣe èédú."

"Ẹ jẹ́ ká ha gbogbo rẹ̀ nílé. Ẹ jẹ́ ká gún un. Bí ebi bá dé, omi gbígbóná nìkan ló kù. Ṣé ọgbọ́n kọ́ nìyẹn?"

Ìyá rẹ̀ sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. "Orímisàn, ta ló ń bọ́ra sílẹ̀ de òtútù? Dúdú tí o rí yẹn ni aṣọ rẹ̀."

"Yèyé, ọjọ́ mẹ́rin péré ni."

"Ìwọ lo ka mẹ́rin," ni ìyá náà wí. "Òkun kò bá ọ kà á."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe bí ó ti fẹ́ ṣe. Wọ́n ha púpurú ní ọjọ́ yẹn títí ọwọ́ fi bó. Wọ́n gún un, wọ́n jọ̀ ọ́, ó kún apẹ̀rẹ̀ ọlọ́mọrí méjì tí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ́ nínú. N kò ní parọ́, ó lẹ́wà. Orímisàn ń fi ọwọ́ bù ú, ó ń jẹ́ kó máa dà sílẹ̀ láàárín ìka rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Yèyé pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ilé, wọ́n sì sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀.

Ọkọ̀ ṣí ní òwúrọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, afẹ́fẹ́ kú. Ìgbòkun rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tí a sá. Wọ́n fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ títí apá fi ń ro wọ́n, ṣùgbọ́n ìṣàn omi abẹ́ òkun ti gba ọkọ̀ náà mú, ó ń rọra gbé e lọ sí agbami. Nígbà tí oòrùn máa là ní ọjọ́ kẹta, wọn kò rí igi àgbọn kankan mọ́. Níbi gbogbo tí wọ́n kọjú sí, omi ni, ó tẹ́jú, ó ń dán, ọ̀run sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù ìjì. Nínú ìjì, ènìyàn rí ohun tó ń bá jà.

Ọjọ́ yẹn náà, nígbà tí oúnjẹ sísè tí wọ́n gbé láti ilé tán, ni Ṣẹ̀yẹ ṣí apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ kìn-ín-ní. Òórùn kan jáde níbẹ̀. Ìrì òkun kì í ṣe ìrì ilẹ̀. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ibi tí iyọ̀ bá sì wọ̀, omi yóò tẹ̀ lé e. Ìyẹ̀fun náà ti rin, ó ti dì bí amọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó ti hu èébu, ó ní àwọ̀ ewé, apẹ̀rẹ̀ kejì kò sì sàn ju ti àkọ́kọ́. Wọ́n sá a sóòrùn, asán ni. Ṣẹ̀yẹ tọ́ ọ wò, ó bì títí ara rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Baba Ògúngbèjà ní, "Dà á nù, Orímisàn, kó tó pa obìnrin yìí." Orímisàn dà á sómi fúnra rẹ̀, gbogbo funfun tó fi ń ṣe fọ́ńté. Àwọn ẹja kéékèèké wá, wọ́n tọ́ ọ, wọ́n padà.

Ẹja gbígbẹ ìwọ̀nba tó kù lọ sínú ọbẹ̀ ọjọ́ náà. Omi mímu ṣì wà nínú àmù méjì. Ẹja wà lábẹ́ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀n etíkun ni wọ́n kó dání, omi ibẹ̀ sì jìn ju ibi tí àwọ̀n wọn lè dé lọ. Ohun tó ń dun Orímisàn kì í ṣe ebi ara rẹ̀. Bí ó bá ti gbójú sókè, ikùn ìyàwó rẹ̀ ni yóò rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, àbùùbùtán kan gbé ẹ̀yìn sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń jáde, ó ń jáde, kò tán. Ọkọ̀ tuntun náà kò tó ìdajì rẹ̀. Ó mí lẹ́ẹ̀kan, omi inú èémí rẹ̀ rọ̀ sí wọn lórí, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó rí wọn tí kò kà wọ́n sí. 

Baba Ògúngbèjà ló kọ́kọ́ lanu. "Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń pe ara mi lọ́mọ òkun," ni ó wí. "Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń ṣeré."

Orímisàn fi orí lé orúnkún. "Ṣẹ̀yẹ," ó ní, "mo ti pa ìwọ àti ọmọ."

Ṣẹ̀yẹ dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó lọ sí ìdí ọkọ̀, ó ṣí apẹ̀rẹ̀ aṣọ rẹ̀. Ó kó ìró kan kúrò, ó kó èkejì. Lábẹ́ wọn ni púpurú méje mìíràn wà, pẹ̀lú aṣọ dúdú wọn lára, bí Yèyé ti kó wọn fún un lẹ́yìn ilé.

"Ẹ foríjì mí, ọkọ mi," ó ní. "Mo mú èédú wọ inú ọkọ̀ yín."

Omi òkun ti ta sí wọn. Iyọ̀ ti gbẹ lé wọn lórí ní funfun díẹ̀díẹ̀. Orímisàn mú ọ̀kan, ó fi ìka kàn án, ó dún kókó bí igbá tó gbó. Kò gbàgbọ́ síbẹ̀. Ṣẹ̀yẹ gbà á, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á, èèpo dúdú ń já bọ́ sórí ọ̀dà funfun. Funfun inú yọ. Ó gbẹ, ó mọ́, kò ní àbàwọ́n kan. Òórùn tó jáde láti inú rẹ̀ ni òórùn ilé ìdáná Yèyé, igi tó ń jó, èèfín àárọ̀, lójú agbami níbi tí igi kan kò hù.

Baba Ògúngbèjà ṣí fìlà. Ohun tí kò ṣe fún àbùùbùtán, ó ṣe é fún púpurú. Ó ní, "Gbogbo òkun yìí, pẹ̀lú bó ti tóbi tó, kò rí ọ̀nà wọlé sínú èyí." Omi bọ́ lójú Orímisàn, kò sì nù ún.

Wọ́n fi igi ìdáná tí wọ́n kó dání dáná sínú agbada tí wọ́n kó yanrìn sí, wọ́n jẹun. Nígbà tí Orímisàn tọ́ oúnjẹ náà wò ni ebi rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó na ọwọ́ sí mẹ́fà tó kù.

"Mú ọ̀bẹ wá. Jẹ́ ká ha gbogbo rẹ̀, ká pín in sí mẹ́ta. Kí kálukú mọ tirẹ̀, kí ọkàn lè balẹ̀."

Ṣẹ̀yẹ gbé ọwọ́ lé apẹ̀rẹ̀. "Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ebi òní ni mo ha ọ̀kan yẹn fún. Ebi ọ̀la kò tíì dé."

"Ebi ń pa mí, Ṣẹ̀yẹ."

"Ó ń pa èmi náà. Ó ń pa wá ní méjì, èmi àti ọmọ."

Ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ Orímisàn nígbà yẹn. Òun ló ni ọkọ̀, òun ni ọkọ, kò sì sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ó wo apẹ̀rẹ̀ méjì tó ṣófo níwájú ọkọ̀. Ó wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, tó dúdú dé ọrùn ọwọ́. Ó yí ọ̀bẹ padà, ó sì fi èèkù rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ha ẹyọ kan lóòjọ́. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ kẹfà, àmù kún, àwọn púpurú rin gbingbin. Nígbà tí oòrùn yọ, wọ́n gbẹ padà bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Lójoojúmọ́ tí Ṣẹ̀yẹ bá fi ọ̀bẹ kan ọ̀kan, àwọn ọkùnrin méjèèjì a máa súnmọ́ ọn láti wò ó, bí ẹni ń wo ilẹ̀kùn tó fẹ́ ṣí. Ojoojúmọ́ ni funfun ń yọ. Kò sì sú wọn láti wò.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ dé láti ẹ̀yìn wọn, ìgbòkun kún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlá, púpurú kan ṣoṣo ló kù. Ṣẹ̀yẹ ti mú ọ̀bẹ nígbà tí Baba Ògúngbèjà na ọwọ́ sómi, tó fa nǹkan kan yọ. Ewé òṣíbàtà ni. Odò ni òṣíbàtà ti ń hù, kì í hù nínú òkun. Ẹnu odò kò jìnnà.

Orímisàn wo ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o lè dúró?"

"Mo lè dúró," ni Ṣẹ̀yẹ wí, ó sì dá púpurú náà padà sáàárín ìró rẹ̀. Kí oòrùn tó kàn wọ́n lórí, wọ́n rí orí igi àgbọn.

Nígbà tí wọ́n gba etíkun délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Yèyé Ọlátẹ́jú wà ní èbúté Orí-Yanrìn. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ọkọ̀ yòókù ti ránṣẹ́ pé wọn kò rí Orímisàn lágọ̀ọ́ ló ti ń jókòó síbẹ̀. Ó ka ènìyàn mẹ́ta. Ó wo ikùn Ṣẹ̀yẹ, ó rí i pé ó ṣì ga. Lẹ́yìn náà ni ó wo inú ọkọ̀, níbi tí ojú ìka dúdú ti kún ọ̀dà funfun láti iwájú dé ìdí. Títí ọkọ̀ náà fi gbó, Orímisàn kò fọ̀ ọ́.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lórí yanrìn, ó sì gbé púpurú kan ṣoṣo náà síwájú rẹ̀. Ìyá náà gbé e, ó yí i wò.

"Pẹ̀lú bí egungun yín ti yọ tó yìí? Kí ló dé tí ẹ ò jẹ ẹ́?"

"Ebi rẹ̀ kò tíì dé, Yèyé."

Nígbà náà ni ìyá náà tó sunkún.

Ó dá púpurú náà padà sórí àjà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Ṣẹ̀yẹ bí obìnrin. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Yèyé sọ púpurú náà kalẹ̀, ó sì ha á lójú gbogbo ènìyàn. Funfun ni. Ìyá ọmọ tuntun ló kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún tíṣà náà. Mo ní kì í ṣe pé kéèyàn má múra sílẹ̀. Kó má bọ́ ohun tó ń ṣọ́ ọ sọnù kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé ni. A kì í ha púpurú de ebi. Tíṣà ní ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n níbo ni ẹ̀rí rẹ̀ wà? Mo ní ọmọ tí Ṣẹ̀yẹ bí lọ́dún yẹn ló bí ìyá mi. Mo ní kó wò mí dáadáa.