Ìdí Tí Àkùkọ Fi Ń Pe Ìyàwó Rẹ̀ Wá Jẹun

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà, ẹ̀yìnkùlé wa ló dúró sí. Ó bá Àkùkọ ọ̀kánjúwà níbẹ̀, ó bá Àgbébọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó bá Ìyá Àparò ọlọ́mọ mẹ́jọ tó múlé tì wọ́n.

Àgbébọ̀ ń wá ọmọ. Ọdún kẹta rèé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti yé ẹyin, rírọ̀ ni méjèèjì, wọ́n fọ́ mọ́ ọn lábẹ́. Eèrí nìkan ló ń jẹ. Àkùkọ ńkọ́? Ó sanra, ó ń dán, ó ń fi ìrù gbálẹ̀ kiri.

Ìyá Àparò ní, "Ọmọ mi, eèrí lásán lo fi ń wá ọmọ? Jẹ ikán. Jẹ ewé tẹ̀tẹ̀. Ṣa ìkarahun ìgbín jẹ, kí èèpo ẹyin rẹ lè le."

"Ẹ ṣé, ìyá mi."

Àgbébọ̀ fi ẹsẹ̀ walẹ̀, ó rí ikán. Àkùkọ sáré dé. "Ta ni baálé ilé yìí? Èmi ni n ó kọ́kọ́ jẹ." Ó kó gbogbo rẹ̀ mì.

Lọ́jọ́ kejì, ó rí tẹ̀tẹ̀. Àkùkọ sáré dé. "Ewé yìí lè mú kí inú máa run ọ́. Jẹ́ kí n tọ́ ọ wò." Ó tọ́ ọ wò títí ó fi ku igi.

Lọ́jọ́ kẹta, ó rí ìkarahun ìgbín. Àkùkọ tún sáré dé. "Bí mo bá jẹ ẹ́, ìwọ náà lo jẹ ẹ́. Ṣebí ọ̀kan náà ni wá?" Ó gbé e mì. Ẹ ò rí ọ̀fun aláìnítìjú!

Àgbébọ̀ yé ẹyin kẹta. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ó rọra jókòó lé e, ó fọ́. Ó sunkún, ó sunkún, ojú rẹ̀ wú.

Àkùkọ fò sórí ògiri. "Ẹ wá wo obìnrin tí kò lè yé ẹyin gidi! Inú rẹ̀ ni kò dára!"

Ewúrẹ́ dé, àgùntàn dé, pẹ́pẹ́yẹ dé. Ìyá Àparò bi Àkùkọ pé, "Ta ló jẹ ikán?"

"Èmi ni."

"Ta ló jẹ tẹ̀tẹ̀?"

"Èmi náà ni."

"Ìkarahun ìgbín ńkọ́?"

Àkùkọ wúkọ́. "Mo bá a jẹ ẹ́ ni."

"Ó dára. Ìwọ tó jẹ oúnjẹ ẹyin, sọ̀ kalẹ̀ wá yé e. Ìtẹ́ rèé."

Ojú pọ̀, kò rí ibi sá sí. Ó jókòó. Ó fún ojú pọ̀, ó ń mí hẹlẹ. Wọ́n gbé e dìde. Ìgbẹ́ ni!

Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o, Bàbá Ìgbẹ́!"

Àgbébọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àparò, ó ń jẹun gidi níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àkùkọ wá bẹ̀ ẹ́. Nígbà kẹta, Àgbébọ̀ ní, "Baálé, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ẹ bá rí nílẹ̀, ẹ pè mí kí ẹ tó fẹnu kàn án. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣáájú mi jẹ ẹ́, mo lọ nìyẹn."

Àkùkọ gbà, Àgbébọ̀ sì padà sílé. Ó rí ikán, ó pè é, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Àgbébọ̀ jẹ, ó yó. Ó yé ẹyin mẹ́wàá, gbogbo wọn le koko. Ó sàba lé wọn, ó pa ọmọ mẹ́wàá.

Ìdí nìyí tí àkùkọ fi ń ké "kọ̀-kọ̀-kọ̀" bó bá rí oúnjẹ, tí yóò dúró máa wo ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹ má pè é ní onínúure. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó da àgbàdo sílẹ̀ lọ́la kó wò ó. Ìwọ Ọdẹ́wálé tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, tí ìwọ àti ìyàwó rẹ ń wá ọmọ, ta ló jẹ ẹja inú ọbẹ̀ yín lónìí?