Èkùrọ́ Tó Kórajọ Níwájú Jáàkì

Ọkùnrin kan wà tó ní ilé iṣẹ́ gàrí. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, gàrí rẹ̀ kì í tó tà, àwọn oníbàárà sì ti ń gba ibòmíràn lọ. Ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ kún èyí tó ní, síbẹ̀ gàrí ò pọ̀ sí i.

Ìgbàkígbà tó bá wọlé, á bá obìnrin tó ń yan gàrí ní ìjókòó, tó fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní ọ̀lẹ ni, tí ọjà tó ń bọ̀ bá ti kọjá, kó má wá mọ́. Opó ni obìnrin náà, iṣẹ́ yẹn ló fi ń bọ́ ọmọ. Kò bẹ̀bẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ṣé agbada òfìfo ni kí n máa yan?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn ọkùnrin náà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ìka ya ilé iṣẹ́ rẹ̀ sórí yanrìn: ibi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, ibi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, ibi tí jáàkì ti ń fún omi rẹ̀ dànù, ibi ààrò. Ó ṣa èkùrọ́ díẹ̀ jọ, èkùrọ́ kan dúró fún apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan, ó sì ń sún wọn bí iṣẹ́ ṣe ń yá sí níbi kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bàbá ń ta ayò òun nìkan, wọ́n bi í pé ta ló ń jẹ.

Èkùrọ́ kórajọ níwájú jáàkì. Ó fi ẹ̀rọ kejì sí i, òkìtì náà tún ga. Ó yọ obìnrin náà kúrò, òkìtì ò dín. Lórí yanrìn, àṣìṣe ò náni ní nǹkan kan, ló bá dá obìnrin náà padà, ó ní kí òun fi jáàkì mìíràn kún un wò. Èkùrọ́ ń lọ wẹ́rẹ́ síbi ààrò. Nígbà tó yá, iwájú obìnrin tó fẹ́ lé ni wọ́n kórajọ sí.

Ó ta ẹ̀rọ kejì, ó fi ra jáàkì. Kó tó di ọjà mìíràn, òun fúnra rẹ̀ lọ bá obìnrin náà nídìí ààrò, nínú èéfín. "Ìyá," ó ní, "ẹ bá mi wá ẹnì kejì tí ẹ ó jọ máa yan."

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ lé ọmọbìnrin tó ń rán bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù yín, torí ẹ máa ń bá a tó jókòó lásán. Ó lè jẹ́ ọ̀lẹ lóòótọ́, èmi ò mọ̀. Ẹ̀yin náà ò tíì mọ̀. Bọ́tìnnì ṣáà pọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ tẹ́ díẹ̀ sórí tábìlì, ẹ máa sún wọn láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gé aṣọ títí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ wo iwájú ẹni tí wọ́n máa kórajọ sí.