Ìyá Ẹfọ̀n àti Ọ̀kẹ́tẹ́ Tó Dáná Sí Ọ̀dàn

Ìyá Ìjọ Fẹ́hìntọlá jókòó sí ẹ̀yìn ilé, ó na ẹsẹ̀, igbá ẹ̀gúsí wà lórí itan rẹ̀. Oòrùn ń wọ̀. Àwọn ọmọ agbo ilé yí i ká, wọ́n ń bá a bó ẹ̀gúsí. Bí wọ́n ti ń bó o ni wọ́n ń jù ú sẹ́nu, òun náà sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó ṣán aṣọ mọ́ ìdí, ó ń rìn lọ. Ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà ọba, kò yà. Ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà ìjòyè, kò yà. Ìgbà tó dé ẹ̀yìn ilé Ìyá Ẹfọ̀n ló tó ní, 'Ẹ jẹ́ kí n sinmi.' Ibẹ̀ ló jókòó sí tó fi rí Ọ̀kẹ́tẹ́."

Ọ̀kẹ́tẹ́ yìí, ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Ohun dídùn kan kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bó bá gbọ́ òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n nínú oko ẹlòmíràn, imú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ti gbé e lọ kí orí rẹ̀ tó gbọ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹ̀ẹ̀rùn mú. Ọ̀dàn gbẹ táútáú. Kìnnìún ọba ránṣẹ́ pe gbogbo ẹranko, ó ní:

"Ẹ gbọ́ o. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dáná nínú ọ̀dàn títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Ẹni tó bá dáná, orí Àpáta Gbígbẹ ni yóò lọ wà, kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ títí òjò yóò fi dé."

Gbogbo wọn ló mọ Àpáta Gbígbẹ. Kò sí igi níbẹ̀, kò sí omi. Oòrùn ibẹ̀ a máa bó ẹran lára bí ẹni ń bó iṣu. Wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Kádé pẹ́ lórí o!" Ohùn Ọ̀kẹ́tẹ́ ló sì ròkè jù.

Kò pẹ́, kò jìnnà, afẹ́fẹ́ gbé òórùn oyin wá. Imú Ọ̀kẹ́tẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó lọ bá Ẹtu, aládùúgbò rẹ̀.

"Ẹtu, oyin wà nínú ihò ìrókò ọ̀hún. Bá mi ká lọ."

"Báwo la ṣe máa lé àwọn oyin kúrò níbẹ̀?"

"Èéfín ni. Iná bíńtín báyìí."

Ẹtu fò sẹ́yìn. "Iná kẹ̀? Lẹ́yìn tí ọba ti sọ̀rọ̀? Ọ̀kẹ́tẹ́, jọ̀ọ́, mi ò lọ. Ìwọ náà má lọ."

"Ojo!" ni Ọ̀kẹ́tẹ́ wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó tan ògùṣọ̀, ó nà án sí ẹnu ihò igi. Àwọn oyin fò jáde, hùùùn! Ọ̀kẹ́tẹ́ ju ògùṣọ̀ sílẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ihò, ó ń lá oyin, lá, lá, lá. Oyin ń kán sí i láyà, kò bìkítà. Ògùṣọ̀ ńkọ́? Ó ti gbàgbé. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fẹ́ fìì, iná ran koríko. Kí Ọ̀kẹ́tẹ́ tó yíjú, iná ti sọ gbòò! Ó fò sí i, ó ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Iná kò kú. Ọwọ́ bó, ẹsẹ̀ bó. Ó ké yéè, ó sá wọ inú ihò rẹ̀ lọ.

Iná ń lọ, ó ń jó ọ̀dàn, ó kọrí sí ilé Ìyá Ẹfọ̀n. Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ mọ irú ẹni tí Ìyá Ẹfọ̀n jẹ́? Arúgbó tó tóbi, tó sì tutù. Ọmọ ẹran tí òùngbẹ bá ń gbẹ, ilé rẹ̀ ni í yà sí. Iná jó ilé náà pátápátá. Ó jó àká àgbàdo tí Ìyá fẹ́ fi la ẹ̀ẹ̀rùn já. Ìgbà tó sì wọ inú èéfín lọ láti kó ìwọ̀nba tó bá lè kó, òrùlé já lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ bó yánnayànna.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọ̀bọ, ìránṣẹ́ ọba, ń ké kiri: "Ta ló dáná? Ta ló mọ ẹni tó dáná o?" Ó dé ẹ̀bá ihò Ọ̀kẹ́tẹ́. Ọ̀kẹ́tẹ́ gbọ́ ọ. Ó rò ó pé bí òun bá dákẹ́, wọ́n lè wọlé wá wo òun. Ló bá ké láti inú ihò:

"Ẹtu ni! Ẹtu ni mo rí lábẹ́ ìrókò!"

Ẹ ò rí nǹkan? Ẹtu tó ní kó má lọ! Wọ́n lọ mú Ẹtu, wọ́n sọ okùn sí i lọ́rùn.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, Ìyá Ẹfọ̀n ń rìn lórí eérú oko rẹ̀, ó ń ṣa àgbàdo tí iná kò jó tán. Ó gbọ́ ìkérora kan lábẹ́ ilẹ̀: "Hùn-ún. Hùn-ún." Ó tẹrí sí ẹnu ihò. Òórùn oyin ló kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ òórùn irun tó jó. Ọ̀rọ̀ yé e.

Ẹ má rò pé igi ni Ìyá Ẹfọ̀n o. Inú bí i. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan péré lé ẹnu ihò yẹn, ilẹ̀ á wó, ọ̀rọ̀ Ọ̀kẹ́tẹ́ á parí. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ni ohùn kékeré kan bá ní, "Yéè, ẹ gbà mí." Ìyá Ẹfọ̀n dúró. Ó dúró pẹ́. Ó wá rọra gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, orin sì bọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ máa gbè é pé, "Máa bọ̀, ọmọ mi, máa bọ̀."

Lílé: Ọ̀kẹ́tẹ́ inú ihò,
Ègbè: Máa bọ̀, ọmọ mi, máa bọ̀.
Lílé: Ihò ṣókùnkùn, ihò tutù,
Ègbè: Máa bọ̀, ọmọ mi, máa bọ̀.
Lílé: Ọwọ́ tó bó ń fẹ́ òrí,
Ègbè: Máa bọ̀, ọmọ mi, máa bọ̀.
Lílé: Mi ò mú igi, mi ò mú okùn,
Ègbè: Máa bọ̀, ọmọ mi, máa bọ̀.

Ọ̀kẹ́tẹ́ kò kọ́kọ́ jáde. Ó ní ẹ̀tàn ni. Ẹni tó máa ń tan èèyàn jẹ, gbogbo ohùn ló ń dún bí ẹ̀tàn létí rẹ̀. Ìyá Ẹfọ̀n tún orin náà kọ. Ó tún un kọ. Ìgbà tó yá, imú kan yọ.

Òrí díẹ̀ tó kù, tí Ìyá Ẹfọ̀n ì bá fi pa ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó fi pa Ọ̀kẹ́tẹ́ lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Ó kó àgbàdo tó ṣà síwájú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ ò bi mí ohun tó jó mi?"

"Jẹun ná."

"Omi gbígbóná ni o."

"Mo gbọ́. Jẹun ná, ọmọ mi."

Ó jẹ ẹ́, kò lọ lọ́fun. Oyin tó jí lọ geere. Àgbàdo tí wọ́n fún un ni kò lọ.

Tèmídire, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń bó ẹ̀gúsí, ò lè mú un mọ́ra. "Ìyá Ìjọ, kí ló dé tí Ìyá Ẹfọ̀n ò nà án?"

"Ìgbà tó o da òróró ìpara mi nù lánàá," ni Ìyá Ìjọ wí, "ṣé mo nà ọ́?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Tèmídire tẹjú mọ́ ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀.

Ibi tí Ọ̀kẹ́tẹ́ ti ń jẹun lọ́wọ́ ni òun àti Ìyá Ẹfọ̀n ti gbọ́ igbe: "Ẹ wá o! Ọba fẹ́ dájọ́ fún Ẹtu tó dáná!"

"Ẹtu kẹ̀?" Ìyá Ẹfọ̀n dìde fùú. Ó gbé Ọ̀kẹ́tẹ́ sí ọrùn, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ọba.

Ẹtu wà nílẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Kábíyèsí, mi ò mọwọ́mẹsẹ̀." Kìnnìún ti ń nawọ́ sí ọ̀nà Àpáta Gbígbẹ.

"Kábíyèsí, ẹ dákun, ẹ dúró," ni Ìyá Ẹfọ̀n wí. "Ẹtu kọ́."

"Ta ni, Ìyá?"

Ìyá Ẹfọ̀n kò yíjú wo ẹni tó wà lọ́rùn rẹ̀. "Mo mọ ẹni náà. Láti òwúrọ̀ ni mo ti mọ̀. Ilé mi ló jó, ẹ̀yìn mi ló bó, mo sì ti fi jì í. Ẹ tú Ẹtu sílẹ̀."

Ọ̀kẹ́tẹ́ gbọ́. Láti òwúrọ̀? Ìgbà tó ń fi òrí pa òun lọ́wọ́, ó mọ̀? Ìgbà tó ń pe òun lọ́mọ, ó mọ̀? Nǹkan kan já nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n nà án ni, ì bá parọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi máa ṣú. Ṣùgbọ́n ta ló lè máa parọ́ lórí ọrùn ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ báyìí? Ó já bọ́ sílẹ̀, pàá!

"Èmi ni o! Èmi ni mo dáná. Ẹtu ní kí n má lọ, èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn!"

Ariwo ta gèè. Àmọ̀tẹ́kùn yọ èékánná, ó fò wá. Ìyá Ẹfọ̀n ti dúró lé Ọ̀kẹ́tẹ́ lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí bí òpó ilé, Ọ̀kẹ́tẹ́ sì wà láàárín.

Kìnnìún ní, "Ìyá, òfin ńkọ́? Bí mo bá jẹ́ kí òfin ṣubú lónìí, ẹlòmíràn á dáná lọ́la, gbogbo wa la ó sì jó."

"Òótọ́ lẹ wí, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá dé orí àpáta yẹn, ojú rẹ̀ kò ní rí òjò. Ẹ fi èmi sípò rẹ̀."

Kìnnìún tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin? Pẹ̀lú ẹ̀yìn yín tó bó?"

"Èmi."

Kìnnìún sorí kọ́. Ó mi orí pé òun gbà. Ìyá Ẹfọ̀n bá gun Àpáta Gbígbẹ lọ, gbì, gbì, gbì, kò wẹ̀yìn.

Wọ́n tú Ẹtu sílẹ̀. Ìtìjú mú Ọ̀kẹ́tẹ́, ó wọ́ padà sínú ihò rẹ̀. Ó ní òun kò ní jáde mọ́ láyé. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ ohùn kan tó ń bọ̀ láti òkè. Ẹ gbè é o:

Lílé: Ọ̀kẹ́tẹ́ inú ihò,
Ègbè: Máa bọ̀, ọmọ mi, máa bọ̀.
Lílé: Oòrùn ń pa mí, mi ò kábàámọ̀,
Ègbè: Máa bọ̀, ọmọ mi, máa bọ̀.
Lílé: Ìtìjú kì í wo ọgbẹ́ sàn,
Ègbè: Máa bọ̀, ọmọ mi, máa bọ̀.
Lílé: Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí,
Ègbè: Máa bọ̀, ọmọ mi, máa bọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, Ọ̀kẹ́tẹ́ dáhùn láti inú ihò: "Mò ń bọ̀, ìyá mi, mò ń bọ̀!" Ó bu omi sínú ìkarahun ìgbín, ó ń fi àyà fà gun àpáta. Omi ń dà nù. Nígbà tó máa fi débẹ̀, ìwọ̀nba tó lè rin ètè ló kù. Ó fi kan Ìyá Ẹfọ̀n lẹ́nu.

"Ìyá, màá sìn yín bí ẹrú títí tí màá fi kú. Gbogbo rẹ̀ ni màá san."

Ìyá Ẹfọ̀n rẹ́rìn-ín. "Kí lo máa san? Ṣé oòrùn yìí ni wàá san padà fún mi? Mi ò wá ẹrú, Ọ̀kẹ́tẹ́. Sún mọ́ mi níbí. Òjìji mi tóbi, ó gbà ọ́."

Orí àpáta tí kò sí igi, Ọ̀kẹ́tẹ́ jókòó sábẹ́ ibòòji.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Ẹtu. "Mo parọ́ mọ́ ọ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ẹtu kò sún mọ́ ọn. "Ojú okùn ṣì wà lọ́rùn mi. Mi ò tíì lè dá ọ lóhùn."

Ọ̀kẹ́tẹ́ àtijọ́ ì bá rojọ́. Ti ìsinsìnyí ní, "O jàre," ó sì lọ pọn omi.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń gun òkè lọ, ó gbọ́ ìrìn lẹ́yìn. Ẹtu ni, ó fi akèrègbè omi kọ́rùn. "Ti Ìyá ni mò ń ṣe," ni Ẹtu wí, "kì í ṣe tìrẹ." Ó kọjá lára rẹ̀. Wọ́n dé ibi tó ń yọ̀, Ọ̀kẹ́tẹ́ ṣubú, ìkarahun ń yí lọ, kóló, kóló, kóló. Ẹtu dúró. Ó wẹ̀yìn. Ó mí kanlẹ̀.

"Di ìrù mi mú."

Ṣé ẹ mọ bí ìrù Ẹtu ti kúrú tó? Ọ̀kẹ́tẹ́ dì í mú bẹ́ẹ̀. Ẹtu kò tíì rẹ́rìn-ín o. Ṣùgbọ́n ó dúró dè é.

Báyìí ni wọ́n ń gbé omi lọ títí ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀kán òjò kan bọ́ sí ẹ̀yìn Ìyá Ẹfọ̀n, tó! Òmíràn, tó! Òjò bá dé, ṣọ̀ọ̀ọ̀! Kìnnìún ọba fúnra rẹ̀ gun àpáta lọ, ó fi èjìká ti Ìyá Ẹfọ̀n, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ẹranko pawọ́ pọ̀, wọ́n kọ́ ilé tuntun fún un, ó sì ní kí Ọ̀kẹ́tẹ́ lọ kó ẹní rẹ̀ wá.

"Oyin ńkọ́?" ni Tèmídire bèèrè. "Ṣé kò wù ú mọ́?"

"Ó ń wù ú. Oyin kì í korò lẹ́nu ẹni tí a dárí jì. Lọ́jọ́ tí imú rẹ̀ bá ń jó, á lọ sọ fún Ìyá Ẹfọ̀n, á ní, 'Ìyá, imú mi tún ti dé o.' Ìyá á rẹ́rìn-ín, á ní, 'Wá jókòó tì mí títí yóò fi lọ.'"

Ẹ̀kọ́ àlọ́ mi kò fara sin. Ìyá Ẹfọ̀n kò dúró kí Ọ̀kẹ́tẹ́ ronú pìwà dà kó tó fẹ́ràn rẹ̀. Oyin olè ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó pè é lọ́mọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ọlọ́run ṣe sí wa nínú Jésù, tó gba ipò wa. Oore-ọ̀fẹ́ nìyẹn. A kì í rà á, a kì í ṣiṣẹ́ fún un, a kàn ń jáde wá gbà á ni. Ẹni tó bá ti gbà á, bó bá ṣẹ̀, kó má sá wọ ihò. Kó sún mọ́ Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Kó lọ bẹ ẹni tó ṣẹ̀, kó sì ní sùúrù bí ọrùn onítọ̀hún bá ṣì ń dùn ún.

Ibí ni ó ti rẹ àlọ́ mi. Ó ti tẹ́ ẹní, ó ti fẹ̀yìn lélẹ̀. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, ẹ dákẹ́ kí n mọ̀. Bó bá sì jẹ́ òótọ́ ni, ẹ ṣe àmín kó ró.

"Àmín!"