Bí Ẹtu Ṣe Yan Ẹ̀rọ Afinimọ̀nà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Kò dúró níbì kankan, àfi lẹ́nu ọ̀nà Ẹtu àti lẹ́nu ihò Òkété.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí wa ọkọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ni mo wí. Erin ra ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀bọ ra èyí tí kò ní òrùlé. Ẹtu ra kékeré kan tó mọ níwọ̀n.

Ẹtu ní ìyá. Ojú ìyá yìí ń fọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ìyá pè é lóríkì, "ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí n rí ẹ̀gbọ́n mi ní Òkè-Àfọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohùn rẹ̀ nìkan kò tó mi. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ wò."

"Ẹ ó wò ó, ìyá mi."

Ṣùgbọ́n Ẹtu kò mọ ọ̀nà Òkè-Àfọ̀n, òjò sì ti ń ṣú. Bí òjò bá rọ̀, odò yóò bo ọ̀nà náà mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ojú ìyá kò ní oṣù mẹ́fà nínú mọ́. Kò sí àyè láti ṣìnà, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ẹtu bá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ afinimọ̀nà, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí à ń gbé síwájú ọkọ̀, tí í fẹnu sọ ibi tí awakọ̀ yóò yà sí.

Ìsọ̀ Òkété ló kọ́kọ́ kàn. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ń tàn yanran, ó sì ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Yà sọ́tùn-ún, ọlọ́kọ̀ ńlá,
*Jẹ́jẹ́, a ó dé!*
Yà sósì, ọmọ ọba,
*Jẹ́jẹ́, a ó dé!*

"Kò sí ọ̀nà tí kò mọ̀ láyé," ni Òkété wí. "Ó mọ ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ̀yin gan-an tó mọ̀ ọ́n."

"Ta ló rin àwọn ọ̀nà náà tó fi mọ̀ wọ́n?"

Òkété họ imú. "Sìsí mi, ìbéèrè yín pọ̀ jù. Ẹ ò gbọ́ orin ni?"

Ìgbín ló wà ní ìsọ̀ kejì. Ẹ̀rọ tirẹ̀ dúdú, kò ní orin kankan. Ẹtu bi í ní ọ̀nà Òkè-Àfọ̀n. Ẹ̀rọ náà ní: "Mo mọ̀ ọ́n dé ìkóríta etí odò. N kò tíì rìn kọjá ibẹ̀. Ẹ ó béèrè."

Ọ̀bọ, tó dúró nítòsí, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ afinimọ̀nà tó ní òun ò mọ̀nà! Ìgbín, o ò kúkú máa ta ọ̀pá ìtilẹ̀ fún wa!"

"Àyà ni mo fi wọ́ lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kí n tó kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ," Ìgbín fèsì. "Ibi tí àyà mi kò bá dé, n kò ní purọ́ mọ́ ọn."

Ẹtu kò tíì gba ẹnì kankan gbọ́ nínú àwọn méjèèjì. "Ẹ jẹ́ kí n dán wọn wò. Kí wọ́n júwe ọ̀nà ilé mi fún mi."

Òkété fò sókè. "Ilé yín kẹ̀? Ta ní í béèrè ọ̀nà ilé ara rẹ̀?"

"Bí mo bá bi í ní ọ̀nà tí n kò mọ̀, báwo ni n ó ṣe mọ̀ bó bá purọ́?"

Ẹtu gba ẹ̀rọ méjèèjì, ó gbé ti Ìgbín síwájú ọkọ̀.

Láti ibẹ̀ dé ilé Ẹtu, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó yà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ Ìgbín wí. Ẹtu wá gbé ti Òkété síwájú. Ó ní kó yà sọ́tùn-ún, ó yà. Ó ní kó yà sósì, ó yà. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀, títí wọ́n fi wọ inú ẹrẹ̀ kan, níbi tí búkà kan ti dá dúró.

"Ẹ ti dé," ni ẹ̀rọ wí. "Ebi ń pa yín."

Búkà Òkété ni! Òkúta pọ̀ nínú ẹ̀wà rẹ̀ ju ẹ̀wà lọ. Ẹnikẹ́ni kì í débẹ̀. Ọ̀nà kò lọ sọ́dọ̀ Òkété, Òkété bá darí gbogbo ọ̀nà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ẹtu padà wá. "Ọ̀gá Òkété, ṣé búkà yín ni ilé mi?"

"Àbùjá ni, Sìsí mi!"

"Àbùjá sínú ìkòkò ta ni?"

Ẹtu ra ti Ìgbín. Ó kìlọ̀ fún àwọn ẹranko yòókù tó ti ra ti Òkété, ṣùgbọ́n Erin mi orí. "Mo ti rà á ná. Àti pé ọmọ ọba ló ń pè mí."

Ní ọjọ́ kẹrin, gbogbo ẹranko gbéra lọ síbi ọdún tí wọ́n ń ṣe ní Òkè-Àfọ̀n. Ìkùukùu ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹtu gbé ìyá rẹ̀ sọ́kọ̀, wọ́n tẹ̀ lé ẹ̀rọ dúdú náà títí dé ìkóríta etí odò.

"Ibi tí mo mọ̀ parí síbí. Ẹ béèrè."

Ẹtu rí Àparò tó ń tu ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ọ̀nà Òkè-Àfọ̀n?"

"Ẹ kú ìrìn. Ẹ má gba èyí tó fẹ̀ yẹn o, afárá rẹ̀ ti já. Ti ìdí ọ̀pẹ ni kí ẹ gbà."

Wọ́n gba ti ìdí ọ̀pẹ. Bí wọ́n ṣe kọjá odò tán ni òjò bẹ̀rẹ̀.

Àwọn yòókù ńkọ́? Ogójì ọkọ̀ ló tò sẹ́nu búkà Òkété. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. "Ẹ wọlé! Ẹ jókòó!" Oúnjẹ tán, ọkọ̀ ò tán. Erin ló dé kẹ́yìn, pẹ̀lú ẹrù iṣu lẹ́yìn ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ni ilé Òkété wà, abẹ́ ilẹ̀ náà ni àká rẹ̀.

"Erin, dúró! Orí ilé mi lo wà!"

"Ẹ̀rọ rẹ ní kí n máa bọ̀ níwájú."

Erin sún síwájú. Gbìì! Ilẹ̀ ya. Ilé, àká, búkà, ìkòkò, gbogbo rẹ̀ wọlẹ̀. Òkété gba ihò ẹ̀yìn sá lọ. Àwọn ẹranko ju ẹ̀rọ wọn sínú kòtò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹ̀rọ náà sì ń kọrin nísàlẹ̀ ẹrẹ̀: "Jẹ́jẹ́, a ó dé!"

Ní Òkè-Àfọ̀n, ìyá Ẹtu sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀, ó ń wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, eyín iwájú yín dà?"

"Ó ní òun ò lè dúró dè ọ́ mọ́, ó ti lọ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá nu tirẹ̀ kíákíá, kó má baà dí i lójú, ó sì tún ń wò ó.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ gbé e dání lọ sùn: ẹni tó bá ní kò sí ọ̀nà tí òun ò mọ̀, ọ̀nà ilé yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bi í. Ẹni tó bá sì lè sọ pé "n kò mọ̀", òun ni kí ẹ gbà gbọ́ nígbà tó bá ní òun mọ̀.