Olóyè Ọ̀jẹ́dìran àti Pùrósẹ́sọ̀ Tí Kò Wọ̀

Olóyè Ọ̀jẹ́dìran, tó ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù àdúgbò wa, kì í gba "rárá" lẹ́nu ọmọdé. Ó gbé kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ tó ń falẹ̀ wá fún Ìbídùn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, pẹ̀lú pùrósẹ́sọ̀ tuntun, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó lágbára jù lọ, ó ní àfi kó wọ ògbólógbòó bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà náà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kí Ìbídùn kó ẹrù rẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù òun. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, bàbá." Ó tú kọ̀ǹpútà náà, ó gbé pùrósẹ́sọ̀ lé olóyè lọ́wọ́. "Ọmọdé kì í bu òkèlè ṣáájú àgbà, bàbá. Ẹ bá mi fi ọwọ́ ire yín gbé e sí àyè rẹ̀." Olóyè ká apá agbádá lé èjìká, ó gbé e síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, igun rẹ̀ ò bá àyè mu. "Ìbídùn, èyí ò wọ̀ o!" "Bí ẹ ti wí náà ni, bàbá. Àyè mẹ́mórì kan ṣì ṣófo níbí. Ṣé ká fi mẹ́mórì kún un, kó lè yára?" "Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn!" Mẹ́mórì wọlé, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Títí dòní, olóyè ń sọ fún àlejò pé òun lòun kọ́ Ìbídùn níṣẹ́, Ìbídùn á sì kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò lé e kúrò mọ́, á ní, "Ẹ ṣé, bàbá."